Kí ló dé tí ìletò àwọn Hutterite fi máa ń pín sí méjì?

Ẹnìkan béèrè pé ìjà ni àbí kí ni, tó fi jẹ́ pé bí ìletò àwọn Hutterite bá ti gbèrú tán, ìdajì á dìde, á lọ tẹ ìletò mìíràn dó.

Ìjà kọ́. Kí ìjà má baà wáyé ni wọ́n ṣe ń pín.

Kristẹni ni wọ́n, àpò kan ni gbogbo ìletò sì ń ná. Ẹnikẹ́ni kì í gba owó oṣù, ilé oúnjẹ kan náà ni gbogbo wọn ti ń jẹun. (Àwọn ará Ayétòrò ní Ìlàjẹ gbé irú ìgbé-ayé yìí lẹ́yìn 1947, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó báyìí.) Ní 1528, ní Moravia ní ilẹ̀ Yúróòpù, ni àwọn baba ńlá wọn tẹ́ aṣọ sílẹ̀, tí oníkálukú kó ohun tó ní lé e. Jakob Hutter, tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n, ni ìjọba dáná sun ní Innsbruck, ní Austria, ní 1536. Wọ́n sá káàkiri títí dé Rọ́ṣíà, láti 1874 ni wọ́n sì ti wọ Dakota ní Amẹ́ríkà. Bon Homme, létí odò Missouri, ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ dó níbẹ̀. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi kọ́ ilé àtijọ́ wọn.

Bí èèyàn bá ti tó bí 120 sí 150, wàhálà dé nìyẹn. Ẹnì kan ló ń ṣe ọ̀gá oko, ẹnì kan ló ń mójú tó ẹlẹ́dẹ̀, ẹnì kan màlúù, ẹnì kan iṣẹ́ igi. Ọ̀dọ́kùnrin tó ti gbéyàwó, tó bímọ, tí kò rí ipò kankan dì mú, ojú rẹ̀ á máa wo ìta. Bí ilé kan bá sì bí ọkùnrin púpọ̀, ọ̀rọ̀ ìbò á di tiwọn, torí ọkùnrin tó ti ṣe ìrìbọmi nìkan ló ń dìbò.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tọ́jú owó, tí wọ́n ń ra ilẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ ilé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń rà yìí ló ń bí àwọn aládùúgbò nínú. Ní Alberta ní Kánádà, òfin 1947 ní ìletò tuntun gbọ́dọ̀ jìnnà sí ti àtijọ́ tó máìlì 40. 1973 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Ìlànà ìpín gan-an ló wù mí jù. Wọ́n á pín ìdílé sí apá méjì, oníwàásù kan fún apá kan. Láwọn ìletò kan, apá méjèèjì ló ń di ẹrù, kò sẹ́ni tó mọ èwo ló ń lọ. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ṣẹ́ kèké. Apá tí kèké bá mú yóò gbéra. Kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n lé òun, kò sì sẹ́ni tó lè ní òun ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ohun kan ni kò bá mi lára mu: àwọn obìnrin ń di ẹrù bí ọkùnrin, wọn ò sì ní ìbò nínú gbogbo rẹ̀.

Ẹran, ẹ̀rọ àti gbèsè ni wọ́n jọ ń pín. Láti ìgbà náà àpò di méjì, ìletò tuntun á dá dúró lábẹ́ oníwàásù tirẹ̀, bí òun náà bá sì ti kún, á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilẹ̀ rà.