Ẹsẹ̀ tó ń kú lọ́nà ọjà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà wa. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹni ọdún 71 ni mí, aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Bí mo bá rìn díẹ̀, ìdí á máa ro mí, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á wúwo, wọ́n á máa kú. Bí mo bá jókòó, ó tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń bá aláàárù ti bárò, mo máa ń rìn jìnnà. Wọ́n fi ẹ̀rọ MRI ya àwòrán inú ẹ̀yìn mi, wọ́n ní ihò inú eegun ẹ̀yìn mi ti há. Mo tún ṣubú ní bálùwẹ̀. Àwọn ọmọ ní kí n jókòó sílé, pé bí mo bá sì máa rìn, kí n nàró ṣánṣán. Kí ni kí n ṣe?
*Ìyá aláṣọ, Iléṣà*

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà, Ìyá wa, ẹ sì kú ìnira. Bárò tí ẹ dárúkọ yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín tètè yé mi. Nídìí iṣẹ́ físíò tí mò ń ṣe, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú ara, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú ni pé, bí ẹ bá tẹ ara síwájú bí ẹni tó ń ti bárò, ṣé ó ń rọ̀ yín lọ́rùn?

Inú eegun ẹ̀yìn ni iṣan tó ń rán ẹsẹ̀ níṣẹ́ ń gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ti ń lọ, ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun á rẹlẹ̀, oríkèé á hu eegun kéékèèké, ohun tó so wọ́n pọ̀ á nípọn, ọ̀nà á wá há mọ́ iṣan. Bí ẹ bá nàró ṣánṣán, ó tún há sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ síwájú, á là díẹ̀. Ìdí nìyí tí sísọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fi sábà máa ń ni irú yín lára ju gígun òkè lọ, òkè kò sì wọ́n ní Iléṣà wa yìí.

Ẹ bá mi ka ibí yìí sí àwọn ọmọ létí: títẹ̀ tí Màmá ń tẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Ara wọn ló ń wá ọ̀nà fún iṣan. Ẹ má pariwo "ẹ nàró" lé wọn lórí mọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí ìyá tí ojú bá tì á jókòó sílé, itan á rọ, ìṣubú á sì pọ̀ sí i.

Ẹ máa rìn, mà. Àmọ́ ẹ má dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú tán. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ẹ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tó bá súnmọ́ yín, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún. Bó bá lọ, ẹ dìde, ẹ tún rìn. Wọ́kà onítáyà, irin tí à ń dì mú rìn, tó ní bíréèkì sàn ju bárò lọ, torí bárò lè sáré mọ́ yín lọ́wọ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Láàárọ̀, kí ẹ tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ fa orúnkún kan wá sí àyà, ẹ ka 20, kí ẹ tó fa èkejì. Bí dókítà bá ti sọ pé eegun yín ti fúyẹ́, ẹ fo ìyẹn.

Fún ìdúró yín, ẹ kọjú sí tábìlì tó wúwo, kí àga wà lẹ́yìn yín, kí ọmọ kan sì wà nítòsí. Ẹ fi ọwọ́ kan tábìlì, ẹ pa ẹsẹ̀ pọ̀, ẹ ka 10. Lọ́jọ́ tó bá ti rọrùn, ẹ fi gìgísẹ̀ kan síwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ọlọ́jà ni kí ẹ máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, nígbà 10. Ìyẹn ń dá agbára itan padà, ẹ sì lè ṣe é láàárín aṣọ yín.

Kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri bálùwẹ̀. Sálúbàtà tí kò ní okùn lẹ́yìn, ẹ kó o dànù. Àgbo tí wọ́n ń kiri kò lè la ihò eegun, ẹ má náwó sí i.

Ẹ gbé àwòrán yẹn lọ sí ẹ̀ka físíò ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, kí wọ́n wo ìrìn yín fúnra wọn. Bí ìrìn kò bá sàn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, iṣẹ́ abẹ wà tó ń fẹ ọ̀nà náà. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá ń bọ́ láìmọ̀ tàbí tó kọ̀ tí kò jáde, bí ibi tí ẹ fi ń jókòó bá kú, tàbí tí ẹsẹ̀ kan rọ lójijì, ẹ má dúró de físíò rárá. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ lóru.