Báwo la ṣe lè mọ̀ tí ẹnì kan bá gbé Wi-Fi ayédèrú sínú ọ́fíìsì wa ní Dùgbẹ̀?
BSSID ló máa tú àṣírí ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà kọ̀ọ̀kan ń gbé jáde, torí orúkọ Wi-Fi yín, ẹnikẹ́ni ló lè sọ tiẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà gbogbo ráútà yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí áàpù bíi WiFi Analyzer, èyí tó bá ń jẹ́ orúkọ yín àmọ́ tí nọ́ńbà ẹ̀ ò sí nínú ìwé, òun nìyẹn. Ẹ máa gbé fóònù rìn káàkiri, ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ bá ti le jù lẹ ti máa bá a, àìmọye ìgbà ni kì í ṣe olè rárá, òṣìṣẹ́ kan ló lọ ra ráútà kékeré lágbègbè Queen Cinema n'Ìbàdàn tó sì fi wáyà ọ́fíìsì sí i lábẹ́ tábìlì, ìyẹn náà ṣílẹ̀kùn fún ará ìta o.

Láti dènà ẹ̀, ẹ tan 802.1X, ìyẹn ètò tó ń yẹ ìdánimọ̀ ẹ̀rọ wò, sórí switch yín, àpótí tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ti pàdé, kí ẹ̀rọ tí wọn ò mọ̀ má lè wọlé, kẹ́ ẹ sì lo WPA3, ìlànà ààbò Wi-Fi tó jáde ní 2018. Àmọ́ wọ́n lè jí BSSID náà lò, torí náà tí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá ń jáde lórí channel méjì (ojú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà) lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fura.