Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Mi Ò Sanra, Ikùn Nìkan Ló Ń Yọ

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 28 ni mí, báǹkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Mi ò sanra rí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi ṣì rí bí wọ́n ṣe wà ní yunifásítì, àmọ́ ikùn mi ti yọ síwájú láàárín ọdún mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní owó ló ń wọlé. Bàbá mi ní àtọ̀gbẹ, ìyẹn ló ń já mi láyà. Mò ń ṣe sit-up ọgọ́rùn-ún láràárọ̀, mo tún ń mu omi ọsàn wẹ́wẹ́, síbẹ̀ kò sí ìyàtọ̀. Gíga mi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 170, mo wọn kìlò 76. Ṣé ewu wà níbẹ̀ ní ọjọ́ orí mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ewu wà níbẹ̀, àmọ́ àsìkò tó rọrùn jù láti tètè dí i lọ́nà lo wà yìí.

Ọ̀rá inú ara kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wà lábẹ́ awọ, tó ṣeé fi ìka fún mú, kò fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú. Èyí tí à ń bẹ̀rù rọ̀ mọ́ ìfun, ó yí ẹ̀dọ̀ ká, ọwọ́ ò lè tó o. Ikùn tó yọ, tó le bí ìlù, tí kò sì ṣeé fún mú ni mo máa ń fura sí jù, pàápàá lára ẹni tí apá rẹ̀ tín-ín-rín.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ìfun bọ̀ ní láti gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó lọ síbòmíì. Ọ̀rá tó bá ń yọ́ lágbègbè yẹn, ẹ̀dọ̀ ló ń gbà á. Tó bá pẹ́, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ á kún fún ọ̀rá, á sì máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kódà nígbà tí o ò tíì jẹun. Ínsúlínì tó yẹ kó kó ṣúgà wọnú iṣan á máa kanlẹ̀kùn, iṣan ò ní tètè ṣí i. Ara á wá máa pèsè ínsúlínì púpọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ọdún lè kọjá báyìí, nǹkan kan ò ní dùn ọ́, àyẹ̀wò ṣúgà pàápàá lè dára, títí ó fi máa rẹ ibi tí ínsúlínì ti ń wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń tẹ̀ lé e wá.

Gba téèpù lọ́wọ́ télọ̀. Má fi ṣòkòtò díwọ̀n o: ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń sọ bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn, tí wọ́n á ní 34 làwọn ṣì ń wọ̀. Wá ibi tí egungun ìhà parí sí àti orí egungun ìbàdí, fi téèpù yí àárín méjèèjì, mí síta, má fa ikùn wọlé (mo mọ̀ yín). Kò yẹ kó kọjá ìdajì gíga rẹ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 85. Wàá gbọ́ 94 fún ọkùnrin náà, àmọ́ ara àwọn òyìnbó ni wọ́n ti mú iye yẹn, wọ́n kàn fi yá àwa ará Áfíríkà ni.

Lẹ́yìn náà, lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kí o sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀ kí o tó jẹun. 100 sí 125 mg/dL, ìkìlọ̀ ni. Tó bá jẹ́ 126 sókè, tí wọ́n tún un ṣe tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni. Tí wọ́n bá sọ pé triglyceride rẹ (oríṣi ọ̀rá kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) dára, má tíì jó: lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó sábà máa ń wà níwọ̀n kódà nígbà tí ara ò gbọ́ ti ínsúlínì mọ́.

Sit-up ń mú iṣan ikùn le, kò lè yọ́ ọ̀rá tó wà lẹ́yìn iṣan. Ọsàn wẹ́wẹ́ ò ṣe ikùn ní nǹkan kan. Àgbo àti tíì tó ń mú èèyàn yàgbẹ́, omi ni wọ́n ń kó jáde.

Ohun tó ń yọ́ ọ̀rá inú yìí ni ìrìn kíákíá, ọ̀rá náà sì máa ń lọ kódà kí kìlò tó wálẹ̀ púpọ̀. Wá ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀; sọ̀kalẹ̀ ní bọ́sítọ́ọ̀pù méjì ṣáájú tìẹ. Ní ti ẹnu, ohun mímu ni kí o kọ́kọ́ dín kù: ẹlẹ́rìndòdò, mọ́ọ̀tì, jùúsì inú páálí, bíà ọjọ́ Jímọ̀. Agolo kọlà kan ṣoṣo lè ní gíráàmù ṣúgà 35. Mi ò ní kí o má jẹ àmàlà mọ́. Àmọ́ èyí tí ò ń jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ lẹ́yìn sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ, gé e sí méjì, kí ewédú, ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ ju òkèlè lọ.

Tí o bá dín kìlò márùn-ún péré kù, ó ti tó. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde l'Ámẹ́ríkà ní 2002, àwọn tí àtọ̀gbẹ ti fẹ́ẹ́ mú ni wọ́n ní kí wọ́n dín ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa rin ìṣẹ́jú 150 yẹn. Láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ewu àtọ̀gbẹ dín kù lára wọn ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún.

Tí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ ṣáá, tí ìtọ̀ sì ń jí ọ lóru, má dúró de oṣù tó ń bọ̀. Kí o sì bi bàbá yín ní ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà tí àtọ̀gbẹ kọ́kọ́ hàn lára wọn. Dókítà tó bá yẹ̀ ọ́ wò máa fẹ́ mọ̀.