Èsì: Ṣé dandan ni kí n ra ẹ̀rọ kí n tó máa din àkàrà tà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará wa. Ẹ ní owó ọwọ́ yín kò tó nǹkan, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ yáwó ra ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yá a. Ẹ gbé ẹ̀wà yín lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń lọ ata ládùúgbò, ní kùtùkùtù, kó fọ ẹ̀rọ náà níṣojú yín.

Kóńgò kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ rẹ ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, ẹ bó o, kí ẹ tún rẹ ẹ́ fún wákàtí kan kó lè kúnná. Omi díẹ̀ ni kí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Ẹ má da iyọ̀ sí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí iyọ̀ ló ń mú kó ṣàn. Èyí tí ẹ fẹ́ din lọ́wọ́ ni kí ẹ bù, ẹ pò ó títí tí ẹ̀kán kan yóò fi léfòó nínú ife omi, kí ẹ tó fi iyọ̀ sí i.

Òróró gan-an ló ń jẹ owó. Bí kò bá gbóná tó, àkàrà á mu ún yó. Ẹ ju ègé àlùbọ́sà sí i: bí ó bá hó yí i ká lójú ẹsẹ̀, ó ti tó.

Ẹ ka iye àkàrà tí kóńgò náà mú wá, ẹ yọ èyí tó jóná àti èènì kúrò. Ẹ ro owó ẹ̀wà, òróró, ata, eédú àti ìlọta pọ̀, kí ẹ fi iye àkàrà tó kù pín in: iye tí àkàrà kan ná yín nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ tà á níye yẹn, kí a má tilẹ̀ sọ àwìn.

Ẹ yọ owó ẹ̀wà ọ̀la kí ẹ tó fọ agbada. Èrè ni kí ẹ máa dá fún alájọ, bí ẹ bá sì kó o, agbada ńlá ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.