Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Àgọ́ Ìsọjí Ìgbà Ọyẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Òmù-Àrán lọ́dún yìí, n kò sì lẹ́bí níbí. Ìjọ tí mò ń lọ fẹ́ ṣe àgọ́ ìsọjí ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní pápá lẹ́yìn Kérésìmesì. Látìgbà tí màmá mi ti kú, àdúrà kì í ti ẹnu mi jáde mọ́. Kí ni mo lè ṣe tí n kò fi ní lọ jókòó sáàárín èrò, kí n sì padà bí mo ṣe lọ? — Tíṣà, Òmù-Àrán

ÌDÁHÙN: Arábìnrin wa, ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ọlọ́run á tù yín nínú.

Ìdí ààrò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ bá ìyá ìjọ, ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ yín kún àwọn tó máa dáná. Níwájú pèpéle, orin àti sípíkà ti gba gbogbo àyè; ẹ lè jókòó ti ẹnì kan títí àgọ́ á fi tú kẹ́ ẹ má mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ ní agogo 5 ìdájí, tí ẹ̀yin méjèèjì da aṣọ bo èjìká, kò ní pẹ́ bi yín pé ọmọ ibo ni yín. Kí ẹ̀wà ọ̀hún tó rọ̀, ẹ ó ti mọ ilé ara yín.

Ní ti àdúrà, ẹ má fi gbogbo ìrètí sí òru ìkẹyìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà: wọ́n á jáde síwájú, wọ́n á sunkún, wọ́n á kọ orúkọ, ìwé á sì wọ inú fáìlì, torí kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ lọ rí olùṣọ́àgùntàn, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, nígbà tí kò tíì rẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn gbangba pé ikú màmá ló gba àdúrà lẹ́nu yín. Bí ẹnu bá ṣì wúwo, ẹ ka Orin Dáfídì 13 sókè. Ẹsẹ 6 péré ni, ìbéèrè ni ẹni tó kọ ọ́ sì fi bẹ̀rẹ̀, pé yóò ti pẹ́ tó. Àdúrà gidi nìyẹn.

Kí ẹ tó kúrò ní pápá, ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé àdúgbò yín, kí ẹ dá ọjọ́ tí ẹ máa jọ gbàdúrà nílé kí ọjọ́ 7 tó pé. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á ti gbé kálukú lọ. Lójú tiwa, èyí ṣe pàtàkì ju ìwàásù ibẹ̀ lọ. Ẹ wo àpẹẹrẹ Ayọ̀ Babalọlá, ọmọ Odò-Ọwá níbí, wòlíì tó ṣáájú ìsọjí ńlá Iléṣà. Nígbà tí èrò ya bo Iléṣà nítorí ìsọjí 1930, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà ìjọ Faith Tabernacle ti wà níbẹ̀ tó máa gbà wọ́n mọ́ra. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Christ Apostolic Church ti jáde.

Ẹ kó ẹní àti aṣọ nínípọn tí ẹ máa tẹ́ lé e, torí òtútù ilẹ̀ burú ju ti òkè lọ. Bùláńkẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, ìborùn fún eruku, àti òrí fún ètè àti gìgísẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Lọ́dún tó kọjá, atẹ́gùn gbé kánópì wa, àwọn tó wà lẹ́yìn kò sì gbọ́ nǹkan kan. Báwo la ṣe máa to pápá? — Alága ọ̀dọ́, Ìgbájà

ÌDÁHÙN: Ẹ gbé pèpéle sí àríwá-ìlà-oòrùn. Ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, á máa gbé ohùn lọ bá èrò. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ á sì wà lẹ́yìn wọn. Ojú wọn ni eruku máa kọjú sí, nítorí náà ẹ wọ́n omi sílẹ̀ níwájú pèpéle kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ẹ máa yí ohùn sókè, ẹ gbé sípíkà 2 mìíràn sí àárín pápá.

Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn le, irin kánópì kì í wọlẹ̀ jìnnà. Ẹ so àpò ìrẹsì tó kún fún yanrìn mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibi tí èèyàn ń sùn. Èéfín rẹ̀ ń pani lójú oorun. Ẹ ro koríko gbígbẹ yí ìdí ààrò ká.

Ẹ lọ kí baálẹ̀ àti ìmáàmù àdúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ wákàtí tí ẹ máa lo sípíkà, kí ẹ sì pa á bó bá di agogo 10 alẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ pín èrò sí ẹni 8 sí 10 lórí ẹní fún àdúrà òru, kí àwọn ará àdúgbò kan náà wà pa pọ̀, kí wọ́n lè máa wá ara wọn kàn bí àgọ́ bá tú.