Ẹ Bi Wá: Ṣé Dandan Ni Kí Katakata Ní Four-Wheel?

Nínú lẹ́tà tó wọlé láti agbègbè Abẹ́òkúta lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ katakata ló pọ̀ jù. A mú márùn-ún tó bá ara wọn tan.

Ilẹ̀ éékà mẹ́jọ ni mo ní lójú ọ̀nà Alábàtà. Ilẹ̀ yangí ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mò ń gbìn. Mo fẹ́ ra katakata tòkunbọ̀, ẹni tó ń tà á sì takú pé four-wheel ni kí n rà, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ ju ti two-wheel lọ dáadáa. Ẹ bá mi dá sí i. — Àgbẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Alábàtà

Ẹ kú oko o. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ yẹn nìkan lẹ fẹ́ máa ro, two-wheel tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dá ṣáṣá ti tó. (Éékà mẹ́jọ gan-an kò tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ra katakata, àfi bí ẹ bá fẹ́ máa fi ro oko olóko gba owó. Ọ̀rọ̀ ìyẹn ń bọ̀ nísàlẹ̀.)

Lára two-wheel, táyà ńlá méjì tó wà lẹ́yìn nìkan ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ bá. Ti iwájú kàn ń yí tẹ̀ lé e ni. Bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 30 sí 35 nínú 100 ìwúwo katakata ló jókòó lé táyà iwájú, ìwúwo yẹn kò sì fa nǹkan kan. Iṣẹ́ four-wheel ni pé ó sọ táyà iwájú náà di alágbára, kí ìwúwo tó wà lórí rẹ̀ má baà ṣòfò. Lórí yangí tó le, táyà ẹ̀yìn ti di ilẹ̀ mú tẹ́lẹ̀, ohun tí tiwájú máa fi kún un kò pọ̀. Ibi tí four-wheel ti ń san owó tí wọ́n fi rà á padà ni àkùrọ̀, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú tó rọ̀ múyẹ́múyẹ́, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àti ìdí tírélà tó kún. Nítorí náà, bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti máa gba iṣẹ́ àwọn onírẹsì lápá Ọ̀fadà àti àwọn àkùrọ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, four-wheel ni kí ẹ rà, ẹ má wulẹ̀ ronú lé e lórí.

Bó bá sì jẹ́ two-wheel lẹ rà, ẹ ra táyà ẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ ṣì ga, kí ẹ sì bu omi sí i kó lè wúwo. Ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn katakata, kí ẹ yí táyà títí ẹnu fáàfù yóò fi wà lókè pátápátá, kí ẹ yọ ojú fáàfù, kí ẹ bu omi títí yóò fi máa dà jáde lẹ́nu fáàfù. Táyà ti kún dé bí 75 nínú 100 nìyẹn. Ẹ má kún un jù bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́kù ló ń jẹ́ kí táyà lè tẹ̀ díẹ̀. Táyà 16.9-30 máa gba nǹkan bí lítà 300.

Ẹ lè fi ojú ara yín wọn bóyá katakata ń jẹ agbára rẹ̀ dànù. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ẹ ki páláù bọlẹ̀ dé ibi tí ẹ máa ń tú u dé, kí ẹnì kan máa rìn tẹ̀ lé e kó máa ka ìlà ẹfun náà. Ó di ìgbà mẹ́wàá, ẹ fi igi sàmì sí ibi tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí. Ẹ padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé páláù sókè, ẹ fi jíà kan náà rin ọ̀nà náà, kí ẹ tún kà á. Bí ó bá yí ní ìgbà 9, ìdá 10 nínú 100 ló ń yọ̀ dànù, ó dáa. Ó jẹ́ 8 àti ààbọ̀, 15 nìyẹn, ibẹ̀ ni kí two-wheel dúró sí. Ó jẹ́ 8 tàbí kó dín, dísù ń jóná lásán, táyà sì ń jẹ. Four-wheel kò yẹ kó ju bí 12 lọ. Bí ìdá tó ń yọ̀ dànù kò bá sì tó 5 nínú 100, irin tàbí omi tí ẹ dì mọ́ ọn ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.

Ọ̀gá mi ní kí n máa fi four-wheel sí i láti Ọ̀dẹ̀dá títí dé Òṣíẹ̀lẹ̀, lórí títì ọlọ́dà, pé ó ń fún un lágbára. Nígbà tí mo dé oko, lífà rẹ̀ kọ̀, kò jáde. Ṣé kí n fi hámà lù ú ni? — Dẹ́rẹ́bà, Ọ̀dẹ̀dá

Ẹ má fi hámà kàn án o! Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fi jíà ẹ̀yìn sí i, ẹ padà sẹ́yìn gbọọrọ bí mítà kan sí méjì láì yí ọwọ́ rárá, kí ẹ wá fa lífà náà. Ó máa jáde. Bí kò bá tíì jáde, ẹ wa táyà ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, kí ẹ tún un ṣe.

Ohun tó fà á rèé. Jíà ló so táyà iwájú mọ́ tẹ̀yìn, wọ́n sì ṣe é kí ti iwájú máa yára ju tẹ̀yìn lọ díẹ̀, ìdá 1 sí 5 nínú 100, kó lè máa fa katakata dípò kí katakata máa tì í. Nínú oko, iyẹ̀pẹ̀ máa ń yẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn á sì rí ibi bá lọ. Títì kì í yẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ náà á wá lọ́ mọ́ inú ṣáàfù àti jíà bí okùn tí wọ́n lọ́ títí tí wọn ò jẹ́ kó tú, òun ló di lífà mú. Ó ń jẹ eyín táyà iwájú, ó sì ń ṣẹ́ eyín jíà. Ẹ bá wa sọ fún ọ̀gá pé lórí ọ̀dà, kò sí agbára kankan tó ń fi kún un. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gun títì. Ẹ sì yọ ọ́ bí ẹ bá fẹ́ ṣẹ́rí ní ìparí poro lórí ilẹ̀ tó le.

Mo pààrọ̀ táyà iwájú méjèèjì. Iye tó wà lára rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó wọ ríìmù. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti fi four-wheel sí i, katakata á máa fò pọ́kán-pọ́kán. — Òǹkàwé, Láfẹ́nwá

Wíwọ ríìmù kọ́ ni. Iye tí jíà ń yí táyà iwájú kì í yí padà, títóbi táyà nìkan lẹ yí padà. Lórí iyẹ̀pẹ̀ tó rọ̀, láìso nǹkan mọ́ ọn, ẹ fi four-wheel sí i, ẹ ka iye ìgbà tí táyà iwájú yí bí tẹ̀yìn ti yí ní ìgbà 10. Ẹ yọ four-wheel, ẹ tún un kà. Ká ní àkọ́kọ́ jẹ́ 13.6, ìkejì 13.2: ìyàtọ̀ 0.4 ni, ìdá 3 nínú 100 ìkejì. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ju 5 lọ, táyà náà tóbi jù. Bí ti àkọ́kọ́ bá kéré ju ìkejì lọ, táyà náà kéré jù, ṣe ló ń dá katakata dúró bíi bíréèkì. Táyà tuntun níwájú pẹ̀lú èyí tó ti jẹ tán lẹ́yìn náà lè mú kí ìdá náà ju 5 lọ. Kí ẹ tó náwó, ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́ inú wọn.

Ṣé lóòótọ́ ni four-wheel ń ran bíréèkì lọ́wọ́? — Òǹkàwé, Òṣíẹ̀lẹ̀

Lóòótọ́ ni. Lára ọ̀pọ̀ katakata, táyà ẹ̀yìn nìkan ni bíréèkì ń dì mú. Bí ẹ bá fẹ́ fi tírélà ẹ̀gẹ́ sọ̀kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléèpẹ̀, ẹ fi four-wheel sí i lókè, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ fi ìkọ́ so pẹ́dà bíréèkì méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì lo jíà kékeré. Ẹ má tẹ kílọ́ọ̀ṣì lójú gẹ̀rẹ́.

Ọ́ìlì ń jò nídìí táyà iwájú lẹ́yìn iṣẹ́ àkùrọ̀, ó sì funfun. — Onírẹsì, Ọ̀fadà

Omi ti wọlé. Bí ọ́ìlì bá funfun bí omi ògì, ẹ má wa katakata náà lọ síbì kankan mọ́. Kí ẹ tó ra oil seal (rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tuntun, ẹ yọ táyà, ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí ó ń yí: ó ṣeé ṣe kí ẹ bá okùn àpò ajílẹ̀ tàbí koríko tó wé mọ́ ọn ṣinṣin. Òun ló gé seal náà. Bí ẹ kò bá tú u kúrò, á tún gé tuntun. Ẹ tún wo ihò ìmí tó wà lórí áàsù iwájú. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ọ́ìlì tó ti gbóná á wá ọ̀nà gba ìdí seal jáde.

Ẹ da ọ́ìlì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ti àárín nù. Àgbá mẹ́ta ni, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbàgbé ti àárín. Irú ọ́ìlì tí ìwé katakata yín dárúkọ ni kí ẹ dà sí i. Lára èyí tó pọ̀ jù, ẹ óò yí táyà kí bóòtù rẹ̀ kọjú sílẹ̀ láti dà á nù, kí ẹ yí i kó dọ́gba pẹ̀lú àárín láti bù ú, kó dé ẹnu ihò. Lásìkò àkùrọ̀, ẹ máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.