Ọ̀rọ̀ líle tí Jésù sọ sí àwọn Farisí

Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bí Jésù, tí ó kìlọ̀ nínú Mátíù 5:22 pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú arákùnrin rẹ̀, ṣe tún pe àwọn Farisí, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn aṣáájú ẹ̀sìn kan láàárín àwọn Júù, ní afọ́jú àti ọmọ paramọ́lẹ̀ nínú orí 23. Ìbínú sí ọmọnìkejì ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ dá lé. Ní orí 23, àwọn aṣáájú ni ó ń bá wí ní gbangba, ó sì ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí wọn létí: wọ́n ń san ìdámẹ́wàá ewé míńtì àti kúmínì, ṣùgbọ́n wọ́n pa ìdájọ́ òdodo àti àánú tì. Wòlíì Ámósì ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nígbà tí ó pe àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ Samáríà ní màlúù Báṣánì (ilẹ̀ tí a mọ̀ fún màlúù tó sanra), nítorí pé wọ́n ń ni tálákà lára, wọ́n sì ń pàṣẹ fún ọkọ wọn pé kí wọ́n gbé ọtí wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Mátíù 23 dé ẹsẹ 37, níbi tí Jésù ti ń dárò Jerúsálẹ́mù. Ó dùn mí gan-an pé àwọn kan ń fi orí yìí bú àwọn Júù òde òní, nígbà tí ó jẹ́ pé Júù ni Jésù fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ni ó sì ń bá wí.